Bí £30 lóṣù ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gba ilé wa lọ́wọ́ báńkì

Ọjọ́ kìíní December tó kọjá, mo jí láago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, mo ṣí áàpù báńkì lórí fóònù mi, mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, mò ń wò ó bóyá owó á jáde. Ọdún 15 gbáko ni owó yẹn fi ń jáde lọ́jọ́ kìíní oṣù, kì í gbàgbé wa, Kérésì ni o, Àjíǹde ni o, oṣù tí mo bí ọmọ kejì, oṣù tí a sin bàbá mi n'Ìbàdàn tí mi ò ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́, á yọ tiẹ̀ lọ ni. Lọ́jọ́ yẹn kò jáde. Láago méje mo tún wò ó, kò jáde. Ọkọ mi ti iṣẹ́ alẹ́ dé, ó bá mi níbẹ̀, ó ní kí ló dé, mo na fóònù sí i, òun náà wò ó, ó jókòó tì mí, a ò sì sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Mọ́gẹ́ẹ̀jì ilé wa, ìyẹn owó tí báńkì yá wa tí a fi ra ilé, ti tán. November 2035 ló yẹ kó tán nínú ìwé tí a fọwọ́ sí, November 2025 la san án tán. Mo ti sọ ọ́ fún èèyàn mélòó kan ní ṣọ́ọ̀ṣì àti níbi iṣẹ́, ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bi mi, ṣé owó kan já lé yín lọ́wọ́ ni, ṣé ẹ jẹ lotto ni, àbí ẹ ta ilẹ̀ nílé ni. Rárá o. Iṣẹ́ care ni mò ń ṣe, àwọn àgbàlagbà ni mò ń tọ́jú, ọkọ mi sì ń wa bọ́ọ̀sì. Ohun tí a ṣe ò ju pé lóṣooṣù là ń fi nǹkan kékeré lé iye tí báńkì ní ká san, ohun tí wọ́n ń pè ní overpay níbí, orí £30 la ti bẹ̀rẹ̀, a ò sì jáwọ́. Mo fẹ́ kọ bó ṣe lọ látìbẹ̀rẹ̀ tòun ti iye owó, torí pé nígbà tí a ra ilé, kò sí ẹni tó jókòó tì wá tó sọ ọ́ fún wa bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára. Ní 2009 à ń gbé ní Peckham ní London, yàrá méjì lókè ṣọ́ọ̀bù kan, oyún oṣù mẹ́fà wà níkùn mi. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni lẹ́tà onílé wọlé, Section 21, ká kó jáde láàárín oṣù méjì. A ò jẹ ẹ́ ní rẹ́ǹtì, a ò ba nǹkan kan jẹ́, kò sì sọ ohun tí a ṣe, òfin ìgbà yẹn ò ní kó sọ ọ́. Mo gbé ikùn kiri London, mò ń wá ilé, wọ́n á wo ikùn mi wọ́n á ní ẹlòmíì ti gba ilé. Ọjọ́ tí a kó ẹrù, òjò ń rọ̀, mátíráàsì wa rin gbindin. Inú váànù ni mo ti sọ fún ọkọ mi pé Daddy, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún kọ irú lẹ́tà yìí sí mi mọ́ láyé mi. Ó ní kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Ó sọ ọ́ bí ìgbà tó ń búra.

November 2010 la ra ilé, ní Gillingham ní Kent, torí apá wa ò ká London. Ọ̀kan nínú àwọn ilé tó fara ti ara wọn lórí ìlà ni, £125,000. £25,000 tí a fi sílẹ̀, ọdún mẹ́fà la fi kó o jọ, ọwọ́ àjọ méjì sì wà nínú ẹ̀. Báńkì yá wa ní £100,000 fún ọdún 25, èlé 4.5% tí kò ní yí padà fún ọdún márùn-ún àkọ́kọ́. Owó oṣù kọ̀ọ̀kan jẹ́ £555 àti pẹ́ńsì 83. Inú wa dùn, a ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, a se ìrẹsì.

January 2011 ni sitéètìmẹ́ǹtì àkọ́kọ́ dé. Oṣù méjì péré la tíì san. Mo ti ṣírò ẹ̀ lọ́kàn mi pé a ti san £1,111, gbèsè á ti kù díẹ̀ kó pé £98,900. Ohun tí mo bá níbẹ̀ ni £99,638. Mo kà á, mo tún un kà, mo rò pé wọ́n ṣì í ṣírò ni, mo wá pe ọkọ mi sí kíṣìn. Nínú £1,111 tí a san, £749 ti bá èlé lọ, £362 péré ló kan gbèsè. Ó rẹ̀ mí lójú ẹsẹ̀. Ṣíìfùtì wákàtí 12 ni mò ń ṣe nígbà yẹn o, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rí i pé nínú pọ́ùn mẹ́ta tí mo bá kó fún wọn, méjì ò kan ilé mi rárá.

Bàbá mi ló wá sí mi lọ́kàn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó máa ń sọ̀rọ̀ ìwọ̀fà fún wa nígbà tí a wà ní kékeré. Láyé àtijọ́, ẹni tó bá yáwó lọ́wọ́ olówó á fi ara ẹ̀ tàbí ọmọ ẹ̀ ṣe ìwọ̀fà, ìwọ̀fà á máa lọ sóko olówó lọ ṣiṣẹ́, iṣẹ́ yẹn gan-an ni èlé. Ó lè ro oko yẹn fún ọdún mẹ́wàá, gbèsè ò ní fi kọ́bọ̀ kan dín, àfi lọ́jọ́ tí wọ́n bá kó owó tí wọ́n yá wá. Ohun tí mo rí lórí tábìlì kíṣìn nìyẹn. Lóòótọ́ tiwa sàn jùyẹn lọ torí díẹ̀ nínú ohun tí à ń san ń kan gbèsè, bí gbèsè bá sì ṣe ń dín lèlé náà ń dín, títí tó fi máa di pé lọ́dún tó kẹ́yìn, èlé ò ní ju bíńtín lọ. Ṣùgbọ́n láwọn ọdún àkọ́kọ́ yẹn, oko olówó là ń ro.

Ọkọ mi ló mú bírò, ó ní ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. £100,000 lọ́nà 4.5%, ẹ pín in sí oṣù 12, £375 nìyẹn, èlé oṣù kìíní nìyẹn. Orí ohun tó bá kù nílẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣírò èlé oṣù tó tẹ̀ lé e. Owó tí báńkì ní ká san, èlé ló kọ́kọ́ ń jẹun nínú ẹ̀, èyí tó bá ṣẹ́ kù ló ń kan gbèsè. Owó tí àwa bá wá fi lé e ńkọ́? Wọ́n ti gba èlé oṣù yẹn tán, kò sẹ́ni tó máa bá a pín, gbogbo ẹ̀ pátá á bọ́ sórí gbèsè, àtoṣù tó ń bọ̀ lọ kò ní sí èlé lórí ẹ̀ mọ́ títí ayé. Nígbà tọ́rọ̀ yìí wọ̀ mí lára, mi ò lè sùn. Gbèsè tí à ń dín kù lóṣù kìíní ò ju £181 lọ, tí a bá fi £30 lé e, ó di £211. £30 yẹn ò kéré mọ́ lójú mi.

Kí ló dé tó fi jẹ́ £30? Ìyá mi ta aṣọ ní Gbági n'Ìbàdàn fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Alájọ máa ń wá sí ṣọ́ọ̀bù wọn lójoojúmọ́, ó ní káàdì tó ní ojú 31, iye kan náà ni ìyá mi ń fún un lójúmọ́, ọjà tà o, ọjà ò tà o, alájọ á fàlà sójú kan. Tóṣù bá parí, á mú ti ọjọ́ kan fún iṣẹ́ tiẹ̀, á kó ìyókù lé ìyá mi lọ́wọ́. Owó yẹn ló rán mi níwèé. Mo wá sọ fún ọkọ mi pé ká máa dá pọ́ùn kan lójúmọ́ bíi ti Gbági, ó di £30 lóṣù, ó ní ó dáa. A ṣe standing order, ìyẹn àṣẹ fún báńkì pé kó máa yọ owó náà fúnra ẹ̀ lóṣooṣù, sí ọjọ́ tí owó oṣù mi ń wọlé, kí ojú wa tó rí owó yẹn ló ti lọ. Ẹ má fi sílẹ̀ dìgbà tóṣù bá parí kẹ́ ẹ wá wo ohun tó kù, kì í kù.

Ó yẹ kí n sọ ohun tó ń ṣe gan-an, torí àwọn èèyàn rò pé £30 ò lè ṣe nǹkan kan fún gbèsè £100,000. Ká sọ pé èlé dúró sí 4.5% fún gbogbo ọdún 25, £30 lóṣù á yọ oṣù 27 kúrò, èlé tí ẹ ò ní san mọ́ á tó £6,800. Tó bá jẹ́ £50, ọdún mẹ́ta ààbọ̀ ló máa yọ, £10,500 lé díẹ̀ ló máa kù sápò yín. Tó bá jẹ́ £100, ọdún mẹ́fà, £18,000. Mo gbé e sínú calculator orí íntánẹ́ẹ̀tì ní ìgbà márùn-ún kí n tó gbà á gbọ́. Bí gbèsè bá ṣì pọ̀ tó lowó kékeré ń ṣiṣẹ́ tó, £30 ti ọdún kìíní lágbára ju £30 ti ọdún ogún lọ lọ́nà tó pọ̀, torí ọdún tó kù fún èlé láti máa hù lórí ẹ̀ pọ̀ jù. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilé, ẹ̀yin ni mò ń bá wí gan-an.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹta tí a bẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà dé, báńkì ní nítorí owó tí a fi lé e, àwọn ti dín iye tí a ó máa san lóṣù kù. Kò tó pọ́ùn kan tí wọ́n dín. Inú mi kọ́kọ́ dùn, àfìgbà tọ́kọ mi ní, dúró ná, tí wọ́n bá ń dín owó oṣù kù ní gbogbo ìgbà tí a bá fowó lé e, ọdún 25 ṣì ni ọdún 25 nìyẹn, èrè tí à ń wá á kàn máa jò sílẹ̀ ní pẹ́ńsì-pẹ́ńsì. Mo pè wọ́n, mo dúró lórí fóònù fún ogójì ìṣẹ́jú, ẹni àkọ́kọ́ tó gbé e ò mọ ohun tí mò ń sọ, ó gbé mi fún ẹlòmíì, ìyẹn náà gbé mi fún ẹlòmíì. Ẹni kẹta ló yé, ó ní kí n kọ ọ́ wá pé iye tí à ń san kó dúró, kọ́dún ló máa dín. Mo kọ ọ́. Torí náà kí ẹ tó fi pẹ́ńsì kan lé e, ẹ bi báńkì yín léèrè, ṣé owó oṣù ni wọ́n máa fi dín ni àbí ọdún, kí ẹ sì gba ìdáhùn yẹn ní kíkọ sílẹ̀.

Ẹ bi wọ́n nípa ìtanràn náà. Tí ẹ bá wà lórí fixed rate, ìyẹn èlé tí kò ní yí padà fún iye ọdún kan, tí a máa ń pè ní fix, ọ̀pọ̀ báńkì níbí máa ń gbà kí ẹ fi tó ìdá kan nínú mẹ́wàá gbèsè lé e lọ́dún kan, tó bá kọjá bẹ́ẹ̀ wọ́n á gba early repayment charge, ó sì lè jẹ́ 1%, ó lè tó 5%. Bí wọ́n ṣe ń ka ìdá mẹ́wàá yẹn yàtọ̀ síra, àwọn kan ń kà á látorí iye tó wà nílẹ̀ nígbà tí fix bẹ̀rẹ̀, àwọn kan látorí iye tó kù níbẹ̀rẹ̀ ọdún kọ̀ọ̀kan. Fún ẹni tó ń fi £30 lé e, kò kàn án. Ó padà wá kàn wá níwájú.

Ní 2013 mo rí àlékún owó díẹ̀, a sọ £30 di £50. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà ni wéáháòsì tọ́kọ mi ti ń ṣiṣẹ́ kógbá sílé. Oṣù mẹ́rin ló fi wà nílé kó tó ríṣẹ́ bọ́ọ̀sì. A dá owó àlékún yẹn dúró lọ́jọ́ kejì, kò sẹ́ni tó bi wá ní ìbéèrè, torí ohun tí a fínnúfíndọ̀ ń ṣe ni, báńkì ò lè fipá gbà á. Ṣùgbọ́n mo tún kọ́ ẹ̀kọ́ míì níbẹ̀ tó dùn mí. Mo pè wọ́n pé ṣé a lè rí díẹ̀ gbà padà nínú ohun tí a ti fi lé e, wọ́n ní mọ́gẹ́ẹ̀jì irú tiwa ò ní irú ẹ̀, owó tó ti wọlé ti wọlé. A ò ní ju £200 lọ nílé lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀gbọ́n kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ló fi owó oúnjẹ oṣù méjì bò wá láṣìírí, Ọlọ́run má jẹ́ kí n gbàgbé ẹ. Látìgbà yẹn, tí ẹnikẹ́ni bá bi mí, mo máa ń ní kó kọ́kọ́ kó owó oṣù mẹ́ta pa mọ́ sí ibi tọ́wọ́ ti lè tó o, ìyẹn ṣáájú. Tí ẹ bá sì jẹ gbèsè lórí credit card, tó jẹ́ pé èlé ẹ̀ ń lọ sí 20% àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí lẹ fẹ́ máa fowó lé mọ́gẹ́ẹ̀jì 4.5% fún? Ẹ pa iná tó ń jó lórí òrùlé ná. Bẹ́ẹ̀ náà ni pension ibi iṣẹ́, tí ọ̀gá yín bá ń fi tiẹ̀ kún un, ẹ má jáde níbẹ̀ torí ilé.

Nígbà tọ́kọ mi ríṣẹ́, a padà sí £50, September 2014 sì ni ọmọ wa àgbà wọ iléèwé, owó nursery já, a sọ ọ́ di £100. £656 wá ni àpapọ̀ ohun tó ń jáde lóṣù, ó ti mọ́ wa lára, a ti gbé ayé wa yí i ká.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fetí sí jù rèé. November 2015, fix àkọ́kọ́ parí, gbèsè kù nǹkan bí £84,700. Èlé ti wálẹ̀ gan-an nígbà yẹn, ti Bank of England, báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ yìí, ti wà ní 0.5% láti March 2009, a rí 2.6% fún ọdún márùn-ún míì. Owó oṣù já wálẹ̀ láti £555 sí £453. Ẹni tó ń bá wa ṣe ìwé náà ń rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ ti ní £200 lóṣù tí ẹ lè fi gbádùn ara yín báyìí. Nínú ọkàn mi, Tenerife, erékùṣù tí wọ́n ti ń lọ lo ìsinmi, ti ń dún. A délé, a jókòó, ọkọ mi ní ìyàwó mi, £656 là ń san láná, ṣé ebi pa wá láná? Mo ní kò pa wá. Ó ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí a fi máa dín in? A ò dín in. Báńkì ń bèèrè £453, à ń san £656. £203 ló ń lọ tààrà sórí gbèsè lóṣooṣù, a ò sì mọ̀ ọ́n lára torí kò sí owó tuntun tó jáde lápò wa. Tí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó san mọ́gẹ́ẹ̀jì wa, ìpinnu alẹ́ ọjọ́ yẹn ni jù, £30 ló kàn kọ́ wa lọ́wọ́.

Ọdún yẹn náà lẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin bínú sí wa lórí fóònù. Ó ní òyìnbó lẹ̀ ń kówó fún, ilé tí ẹ ò ní sinmi ọjọ́ ogbó sí, tó bá jẹ́ pé ẹ̀ ń fi £200 yẹn ránṣẹ́ lóṣooṣù, ẹ ò bá ti kọ́lé s'Ìbàdàn. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi, mo gbọ́ yín. Mi ò bá wọn jiyàn, ọ̀rọ̀ wọn ò burú, ọ̀pọ̀ lára wa ní ìlú òyìnbó yìí ní ilé ńlá nílé tó jẹ́ àwọn aláǹgbá ló ń gbé ibẹ̀ nígbà tí àwọn fúnra wọn wà nínú rẹ́ǹtì níbí. Ìyá mi ló kọ́kọ́ gbè mí. Mo ṣàlàyé fún wọn pé, Màámi, bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe ń ra búlọ́ọ̀kù ní ogún ogún, tó ń tò ó sórí ilẹ̀ títí tó fi kọ́lé, bẹ́ẹ̀ lèmi náà ń ra búlọ́ọ̀kù, ilé tèmi ti wà nílẹ̀ ṣá, ọwọ́ báńkì ni mo ti ń rà á padà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní ó yé mi, ọmọ mi, rà á.

Ní 2016 mo bí ọmọ kejì, owó ìsinmi ìbímọ ò tó nǹkan, a padà sí £453 fún oṣù mẹ́fà. Kò sí wàhálà kankan. Ìyẹn ló jẹ́ kí n fẹ́ràn ọ̀nà yìí ju kí a ti kọ́kọ́ gba mọ́gẹ́ẹ̀jì ọdún 15 lọ, torí ìyẹn, ẹ gbọ́dọ̀ san án, ara yá o, ara ò yá o. Tiwa yìí, nígbà tó bá le a ó dín in, nígbà tó bá rọ̀ a ó gbé e padà síbi tó wà.

November 2020, nínú kòrónà yẹn, fix kejì parí. Gbèsè ti wálẹ̀ sí nǹkan bí £55,800. A rí 1.8% fún ọdún márùn-ún, owó oṣù di £354. Mo ní kí á gbé tiwa sí £700 géérégé, £346 ń lọ sórí gbèsè lóṣooṣù. Ó wá ku díẹ̀ kí àwọn tó ń gbé nílẹ̀ yìí rí ohun tójú wọn ò rí rí. Ní 23 September 2022, Kwasi Kwarteng, mínísítà ètò ìnáwó ìgbà yẹn, ka ètò owó ìjọba tí wọ́n ń pè ní mini-budget nílé aṣòfin, láàárín ọjọ́ mélòó kan àwọn báńkì ń kó mọ́gẹ́ẹ̀jì wọn kúrò lórí igbá, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan èlé fixed rate ti kọjá 6%. Èlé Bank of England tó wà ní 0.1% lọ́dún tó ṣáájú lọ dé 5.25% ní August 2023. Ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́, fix tiẹ̀ parí ní àkókò yẹn gan-an, láti nǹkan bí £700 owó oṣù ẹ̀ lọ sí £1,040. Ó ń sunkún nínú yàrá tí a ti ń pààrọ̀ aṣọ, mo dì í mú, mi ò mọ ohun tí mo lè sọ. Fix tiwa ṣì ní ọdún mẹ́ta, ṣùgbọ́n mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọdún mẹ́ta yẹn bí ẹni tó ń ka ọjọ́ ìkúnlẹ̀.

Àbúrò ọkọ mi tó mọ̀ nípa ìṣirò owó ló tún ojú wa ṣí. Mo sọ fún un pé gbèsè kù nǹkan bí £40,800, a fẹ́ máa fi púpọ̀ sí i lé e. Ó ní ìyàwó wa, ẹ dúró ná. Àkọ́kọ́, ìdá mẹ́wàá yín lọ́dún yìí á jẹ́ £4,077, ẹ̀yin sì ń fi £4,152 lé e, wọ́n máa bu owó ìtanràn lé yín. Ìkejì, èlé tí ẹ̀ ń san jẹ́ 1.8%, ISA, ìyẹn àkáùǹtì ìfowópamọ́ tí kì í san owó orí, níta báyìí ti ń lọ síbi 4%. £100 tí ẹ bá fi lé mọ́gẹ́ẹ̀jì, £1.80 ló gbà sílẹ̀ fún yín lọ́dún kan, tí ẹ bá fi sínú ISA, á bí £4, ìjọba ò sì ní gba owó orí lórí ẹ̀. Ẹ kó o jọ síbẹ̀, lọ́jọ́ tí fix bá parí tí kò ti sí ìtanràn, ẹ gbé gbogbo ẹ̀ jù sí wọn. Ó kọ́kọ́ ṣòro fún mi láti gbà, torí ó ti mọ́ mi lára kí n máa wo bí gbèsè ṣe ń lọlẹ̀, ṣùgbọ́n ìṣirò ni ìṣirò. Ẹ má kàn máa san ṣá, ẹ máa wo èlé méjèèjì.

A ṣí ISA náà, a sọ orúkọ ẹ̀ ní "Má fọwọ́ kàn án". £346 tí à ń fi lé e tẹ́lẹ̀ wọ ibẹ̀, gbèsè mọ́tò wa parí nígbà yẹn, £240 lóṣù, a ò jẹ́ kó sinmi, òun náà wọ ibẹ̀, ọkọ mi sì ń fi overtime dí i kó pé £700. Oṣù 36. Lọ́dún kejì àwọn ọmọ fẹ́ lọ síbì kan ní ìsinmi, mo sọ fún wọn pé rárá, àgbà nínú wọn bínú sí mi fún ọ̀sẹ̀ kan. Ó ṣì ń dùn mí díẹ̀. Mi ò ní purọ́ fún yín pé kò gba nǹkan lọ́wọ́ wa.

Nígbà tó fi máa di November 2025, £26,800 ló wà nínú ISA, mọ́gẹ́ẹ̀jì sì kù díẹ̀ kó pé £30,000. Ọwọ́ àjọ ló dí àlàfo. Èèyàn méjìlá la jẹ́, £250 lóṣù, mo ti bẹ ìyá àjọ látìbẹ̀rẹ̀ ọdún pé kí wọ́n fi mí sí oṣù kẹwàá, £3,000 wọlé. Ìyókù jáde nínú owó oṣù. A dúró kí ọjọ́ fix kọjá, mo wá pè wọ́n pé kí wọ́n fi redemption statement ránṣẹ́, ìyẹn ìwé tó sọ iye tó máa pa gbèsè rẹ́ lọ́jọ́ kan pàtó, torí èlé ń gorí ẹ̀ lójoojúmọ́, wọ́n sì fi owó kékeré kan lé e fún títì àkáùǹtì. Ẹ má ṣe san iye tí ẹ bá rí nínú áàpù, ìwé yẹn ni kí ẹ bèèrè. Ọkọ mi ló tẹ bọ́tìnnì ìkẹyìn. Ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n.

Báńkì ló ń sọ fún Land Registry, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ẹni tó ni ilé àti ilẹ̀, pé kí wọ́n yọ orúkọ àwọn kúrò lórí ilé yín, ṣùgbọ́n ẹ má kàn gbà á bẹ́ẹ̀, ẹ lọ wò ó fúnra yín. £7 ni wọ́n ń gba lórí íntánẹ́ẹ̀tì wọn kí ẹ rí ìwé ilé yín. Tí ẹ bá sì ti wà níbẹ̀, ẹ forúkọ sílẹ̀ fún Property Alert, ọ̀fẹ́ ni, wọ́n á máa kọ̀wé sí yín tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fọwọ́ kan ìwé ilé yín, torí àwọn oníjìbìtì fẹ́ràn ilé tí kò ní gbèsè lórí.

Ọ̀sẹ̀ kejì December ni mo san £7 yẹn. Mo tẹ ìwé náà jáde, mo wá ibi tórúkọ báńkì máa ń wà, kò sí níbẹ̀ mọ́, orúkọ èmi àti ọkọ mi nìkan ló kù. Mo pe ìyá mi. Wọ́n ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún, etí wọn ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ mọ́, mo ní láti pariwo. Mo ní Màámi, a ti san owó ilé tán o. Wọ́n dákẹ́, mo rò pé fóònù ti já. Wọ́n wá ní, "Ṣé wọ́n fún yín ní risíìtì?"

Mo ní wọ́n fún wa, ó wà lọ́wọ́ mi.

Wọ́n ní, "Kà á fún mi."

Mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, nọ́ńbà ilé, orúkọ ìgboro, orúkọ ọkọ mi, orúkọ mi. Wọ́n ní kí n tún ibi orúkọ mi kà.